Ààrò Mẹ́ta Kì í Da Ọbẹ̀ Nù: Ọjọ́ Mẹ́fà ní Ìlọrin àti Òró pẹ̀lú Kámẹ́rà Kékeré

Kámẹ́rà tí mo gbé lọ kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Canon kékeré kan ni, ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi nígbà tó ra fóònù tuntun, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Lọ́sàn-án gangan, fọ́tò rẹ̀ máa ń mọ́ kedere. Àmọ́ bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ohun gbogbo á rí bàìbàì bí ìgbà tí ènìyàn ń wo nǹkan láàrin omijé. Lọ́dún tó kọjá, mo ya ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Òró, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Kwara, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, fọ́tò mẹ́rìnlá, kò sí ẹyọ kan tó ṣe é fi han ènìyàn. Mo ti gbà pé kámẹ́rà ló gbó. Ayàfọ́tò kan ní Dùgbẹ̀ ló wò ó fínnífínní tó ní kò sí ohun tó ṣe kámẹ́rà, ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, kámẹ́rà á la ojú sílẹ̀ pẹ́ kó lè rí ìmọ́lẹ̀ gbà tó. Bí ọwọ́ bá mì láàrin ìgbà yẹn, bó ti wù kó kéré mọ, àwòrán ti dàrú nìyẹn. Ó wá fi tripod kékeré kan hàn mí: ẹsẹ̀ mẹ́ta tó ṣe é lọ́, orí roboto tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, síkúrù kan lókè. Náírà 4,500. Tí mo bá to ìka ọwọ́ mi méjì léra, ó ti ga tó o. Mo rà á, mo sì pinnu pé mo máa padà sí Òró.

Ọjọ́ Kìíní. Ọjọ́rú, 13 oṣù kọkànlá 2024: Ìbàdàn sí Ìlọrin

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí mo fi dé gáréèjì Òjóò. Owó ọkọ̀ jẹ́ náírà 5,500, Sienna elérò méje. Láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́, a sùn. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò sẹ́ni tó sùn. Kòtò lọ́tùn-ún, tírélà lósì, dírẹ́bà wa ń fì bí ẹni tó ń jó. Màmá kan tó jókòó tì mí ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ láìdákẹ́. Nígbà tí a yà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ra kaṣú díndín, ó sì ti bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí mi lọ́wọ́ kí n tó rí àyè yọ owó tèmi. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà dára, a wọ Ìlọrin kí oòrùn tó kàn àtàrí. Ẹ̀yin tí ẹ máa gbé kámẹ́rà gba ọ̀nà yìí, ẹ fi nylon wé e kí ẹ tó fi sínú àpò, kí ẹ sì gbé àpò náà lé itan yín. Eruku tó ń wọ inú ọkọ̀ pọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tí mo dé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Tánkẹ ti gbọ́ pé fọ́tò ni mo bá wá. Ó ní, "Tó bá jẹ́ eégún lo fẹ́ yà, o ti ṣìnà o. Ìlú tóbi tó yìí, wọn ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé baba wọn." Mo ní mọ́ṣáláṣí ńlá ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fi dán tripod mi wò, lásìkò tí ojú ọ̀run bá ń di aró tí iná sì ti tàn. Àsìkò yẹn kì í pẹ́. Nínú oṣù yìí, kété lẹ́yìn aago mẹ́fà ààbọ̀ ló máa ń dé, kó tó tó ogún ìṣẹ́jú, ilẹ̀ ti ṣú.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wa dé Ọjà Ọba. Ibẹ̀ ni mo ti rí wàhálà tí ẹni tó ta tripod fún mi kò sọ: nǹkan yìí ń fẹ́ ibi tí yóò dúró sí. Tripod ńlá ga tó ènìyàn, ibi tó bá bá ara rẹ̀ náà ló máa dúró. Èyí tó kúrú báyìí, bí mo bá gbé e sílẹ̀, táyà mọ́tò nìkan ni kámẹ́rà máa rí. Mo ń wo ilẹ̀ kiri bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ nígbà tí ìyá kan tó ń ta ìbòrí àti tẹ̀sùbáà pè mí.

"Kí lò ń wá, ọmọ mi?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ibi tí mo máa gbé kámẹ́rà mi lé ni mà. Mọ́ṣáláṣí ni mo fẹ́ yà."

Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó wo mọ́ṣáláṣí, ó fa kéréètì mínírà méjì jáde lábẹ́ tábìlì rẹ̀, ó to ọ̀kan lé èkejì. Bó ti ń tò ó lọ́wọ́ ni wọ́n pe ìrun. "Ìbòrí wọ̀nyí, náírà 1,500 ni," ó ní. "Bá mi wò ó." Ó ti lọ.

Báyìí ni mo ṣe ń ṣọ́ ọjà tí mo sì ń yà fọ́tò. Mo pa fíláàṣì, mo sọ ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, kalẹ̀ sí 100, mo ní kí kámẹ́rà la ojú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko. Èyí àkọ́kọ́ ṣì mì. Ìka tí mo fi tẹ bọ́tìnnì ló gbo kámẹ́rà. Mo bá yí i sí tàímà ìṣẹ́jú-àáyá méjì: mo tẹ̀ ẹ́, mo káwọ́ kúrò, kámẹ́rà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó wá yà á fúnra rẹ̀. Orí roboto mọ́ṣáláṣí yọ, òpó gogoro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yọ ketekete, àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá nísàlẹ̀ di ìlà iná pupa. Nígbà tí ìyá náà padà dé, mo ti bá a ta ìbòrí kan. Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó pẹ́, ó ní, "Gbogbo ọjọ́ ni mo ń rí i, n ò rí i báyìí rí."

Ohun kan wà tí mo gbàgbé láti pa ní alẹ́ yìí. Kámẹ́rà mi ní ohun kan nínú tó máa ń bá ọwọ́ gbígbọ̀n jà. Ọwọ́ lásán ló wúlò fún. Tí kámẹ́rà bá ti wà lórí tripod, ẹ pa á, torí bí kò bá rí ìgbọ̀nrìrì bá jà, òun gan-an lè máa mi àwòrán.

Ọjọ́ Kejì. Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kọkànlá: Ìlọrin

Ọ̀rẹ́ mi mú mi lọ sí agbo ilé àwọn kan tó ń hun aṣọ òfì nínú ìgboro. A ò tíì rí wọn tí a ti ń gbọ́ ìró wọn, igi ń kan igi, kò dáwọ́ dúró. Ọkùnrin márùn-ún jókòó lẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ páànù gígùn kan tó ṣókùnkùn díẹ̀. Òwú olúkúlùkù nà lọ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀, ó gùn, ìdí rẹ̀ wà lábẹ́ òkúta tó fà á le. Bí aṣọ ṣe ń gùn sí i ni òwú ń sún mọ́ ahunṣọ, tí òkúta náà ń wọ́ tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ọ̀já tó ń jáde lábẹ́ ọwọ́ wọn kò fẹ̀ ju íǹṣì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ọ̀já lórí ọ̀já ni wọ́n máa rán pọ̀ kó tó di ìró, kó tó di agbádá.

Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn dá wa lóhùn. "Fọ́tò? Ẹ jókòó ná." A jókòó. Ó hun títí ọwọ́ rẹ̀ fi tó ibi tó fẹ́ kó tó, ó wá bi mí ibi tí mo ti wá, iṣẹ́ tí mò ń ṣe, àti ohun tí mo fẹ́ fi fọ́tò ṣe. Mo dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n máa yà. Ẹ má ṣe yára yọ kámẹ́rà níbi iṣẹ́ oníṣẹ́. Ogún ìṣẹ́jú tí a fi jókòó yẹn wà nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wo kámẹ́rà mọ́.

Níbí ni kíkúrú tripod mi ti di ìbùkún. Mo gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá òkúta, mo jẹ́ kí kámẹ́rà máa wo bàbá láti ìdí òwú lọ sókè. Òwú funfun àti aró náà bo gbogbo iwájú fọ́tò, ó ń ṣàn lọ bí odò, orí ọwọ́ bàbá ló sì ti pàdé. Bí mo bá dúró lórí ẹsẹ̀ mi, mi ò lè rí i bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo kọ́kọ́ fi eré yà á, ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá, ọwọ́ rẹ̀ dúró gan-an. Mo tún fi pẹ̀lẹ́ yà á, ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ara rẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ dúró, irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe é kà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìhunṣọ tó ń sọ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì di ìlà funfun kan ṣoṣo, ìka rẹ̀ sì dà bí apá ẹyẹ tó ń fò. Mo fi méjèèjì hàn án.

Ó tọ́ka sí èkejì. "Èyí ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Èkíní jókòó lásán."

Láti ìgbà tí mo ti ń yà fọ́tò, kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ fún mi báyìí.

Ibi tí mo ti ń ká ẹsẹ̀ tripod ni ọ̀kan ti yọ kúrò níhò rẹ̀. Ike ni, ó ti sán. Mo gbìyànjú láti tì í padà, ó kọ̀. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi láìsọ nǹkan kan, ó já òwú pupa kan nínú èyí tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ẹnu rin ín, ó wé e yípo oríkèé ẹsẹ̀ náà bíi ìgbà mẹ́wàá, ó fi eyín fà á. Ẹsẹ̀ náà dúró. Mo na owó, ó kọ̀, ó ní òwú tí òun máa gbá dànù ni.

Nígbà tí a ń padà, a ya ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà kan, mo ní kó gé ọ̀já méjì fún mi lára túúbù táyà kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́. Náírà 200. Ẹ gba ìmọ̀ràn yìí lọ́wọ́ mi: kò sí ẹni tó ń lo tripod kékeré tí kò yẹ kó ní rọ́bà túúbù lápò. Ẹ lè fi de tripod mọ́ òpó iná, mọ́ ẹ̀ka igi, mọ́ irin géètì. Mo sì tún fi ọ̀kan há ọrùn orí roboto yẹn, torí mo ti ṣàkíyèsí pé bí kámẹ́rà bá pẹ́ lórí rẹ̀, ó máa ń tòògbé. Ó á rọra máa tẹrí ba, fọ́tò á sì bàjẹ́. Láti ìgbà tí rọ́bà ti wà níbẹ̀, kò tòògbé mọ́.

Wàrà díndín ni mo jẹ lálẹ́, tí wọ́n fi ata gígún wọ́n, náírà 200 ẹyọ kan. Mo jẹ mẹ́fà. Ẹni tó bá wá Ìlọrin tí kò jẹ wàrà, ẹ bá mi bi í pé kí ló wá ṣe.

Ọjọ́ Kẹta. Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù kọkànlá: Òró àti Èsìẹ́

Láti Ìlọrin dé Òró, náírà 2,500. Ọ̀nà náà gba Ìdòfìan àti Àjàsẹ́-Ìpo. Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ti gúnyán sílẹ̀ kí n tó dé, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹja kíká. Ó ní fọ́tò tí mo yà òun lọ́dún tó kọjá dà? Mo ní kò dára mà. Ó ní, "Mo mọ̀. Ká ní ó dára, ọwọ́ mi ni ì bá wà."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Èsìẹ́ lọ́sàn-án, náírà 1,000, kí n lọ wo àwọn ère. Mo ti gbọ́ nípa wọn láti ilé ìwé: ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí gbogbo ayé sì gbọ́ nípa wọn lọ́dún 1933. Mùsíọ́mù tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Àmọ́ ìwé kò múra ènìyàn sílẹ̀ fún bí wọ́n ṣe jókòó. Ọ̀pọ̀ wọn ló jókòó lórí àpótí, ẹ̀yìn wọn nà, ọwọ́ wọn wà lórí itan, bí ìgbà tí èrò bá pé jọ sí ìpàdé tí wọ́n sì ń dúró de ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Ìtàn ìlú ní àlejò ni wọ́n, tó di òkúta. Mo gbà á gbọ́ bí mo ti dúró níwájú wọn.

Mo béèrè kí n tó yọ kámẹ́rà, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì fi ibi tí mo lè yà hàn mí, ó ní kí n má lo fíláàṣì. Ẹ̀yin náà ẹ béèrè. N kò tilẹ̀ ní lo fíláàṣì bí wọ́n bá fún mi láyè, torí fíláàṣì máa ń kọlu ojú ère láti iwájú, ó á sì pa gbogbo ilà àti irun dídì rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ló dára, tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ó kéré, ṣùgbọ́n tripod ni mo gbé lọ. Mo gbé e sílẹ̀, mo fi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá yà á.

Ère kan wà, obìnrin, kò ga ju ìgò mínírà méjì tí a to léra lọ. Bí kámẹ́rà ti wà lórí ẹsẹ̀ kúkurú yẹn, ojú rẹ̀ àti ojú obìnrin náà ṣe déédéé. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ibi tí etí rẹ̀ ọ̀tún ti sán yọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ ṣe é kà. Bí mo bá gbé kámẹ́rà dání ní ìdúró, àtàrí rẹ̀ ni ǹ bá yà. Mo rò ó nígbà tí mò ń padà bọ̀ lórí ọ̀kadà pé a máa ń wo ohun tó bá jókòó láti òkè, a ò sì mọ̀ pé à ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo dé Òró, iná ti lọ. Kò sí ẹni tó bínú, torí òṣùpá àrànmọ́jú ni. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ojúde funfun bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sílẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ń ṣeré, Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí rẹ̀ níwájú ògiri. Mo mọ̀ pé fọ́tò tí mo wá yà nìyí.

"Kí lo tún ń wá nínú òkùnkùn?"

"Ohun tí mo máa gbé kámẹ́rà lé ni mà."

Ó ní kí wọ́n lọ gbé odó wá. Wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ìdí rẹ̀ mọ́. Mo gbé tripod lé e. Ó tẹjú mọ́ ọn, òwú pupa àti rọ́bà túúbù, ó ní, "Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

"Mẹ́ta ni mà."

"Ó tó. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù."

Mo ṣàlàyé fún un pé kámẹ́rà máa la ojú fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, kó má mira rárá. Mo gbé ISO sí 400, torí òṣùpá lásán la ní. Mo tẹ bọ́tìnnì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè. Ìyá Àgbà kò mira. Ó di ìkan nínú àwọn ará Èsìẹ́. Ìgbà tí mo ka mẹ́jọ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ti dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀, rántí nǹkan kan tó sì sá lọ. Mo ń kà lọ.

Ohun tó jáde lójú kámẹ́rà, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ojú ọ̀run jẹ́ aró, ìràwọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ògiri ilé pọ́n, bó ṣe pọ́n lọ́sàn-án. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ di èéfín àwọ̀ ewé. Láàrin gbogbo rẹ̀, Ìyá Àgbà jókòó, ojú rẹ̀ mọ́, àdìrẹ ìró rẹ̀ mọ́, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá wà ní èjìká rẹ̀. Ọmọkùnrin yẹn di ẹni funfun kan tí ara rẹ̀ fúyẹ́, tí a ń rí ògiri láàrin rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, oòrùn wà níbẹ̀ tí ọwọ́ mi kò lè ṣe é. Òṣùpá ni mo fi yà á lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí: ẹ wo ọjọ́ tí òṣùpá bá kún, kí ẹ dúró dìgbà tó bá gòkè dáadáa, kí ẹni tí ẹ ń yà fi ẹ̀yìn ti nǹkan. Bátìrì máa ń tètè lọ bí kámẹ́rà bá ń la ojú pẹ́. Méjì ni mo gbé dání, mo sì lo méjèèjì.

Ọjọ́ Kẹrin. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 oṣù kọkànlá: Òró

Mo ti ní i lọ́kàn láti lọ sí Ọ̀wá-Kájọlà lọ wo omi Òwu, tó ń já láti orí àpáta tó ga tó bíi mítà 100. Gbogbo ẹni tó ní tripod ló ń fẹ́ ya omi tó ń já, torí bí kámẹ́rà bá pẹ́ lójú rẹ̀, omi á dà bí òwú ẹ̀gbọ̀n. Ọlọ́kadà tí mo bá sọ ọ́ mi orí. Ó ní ọ̀nà ìgbẹ́ yẹn kò tù òun lára lásìkò yìí, òun kò ní gbé obìnrin kan ṣoṣo lọ síbẹ̀. Mo bi ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà. Ìyá Àgbà ní, "Omi ò ní ṣí lọ. Jókòó." Mo jókòó. Ẹ má ṣe dá irú ìrìn yẹn lọ, ẹ wádìí lẹ́nu àwọn tó ń gbé agbègbè náà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ gan-an, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó rẹlẹ̀.

Ó dùn mí títí di ọ̀sán. Lẹ́yìn náà mo ní kí n ya èmi àti Ìyá Àgbà pọ̀, torí èmi tí mò ń yà fọ́tò nílé wa, kò sí mi nínú fọ́tò kankan. Mo gbé tripod lé orí ògiri kúkurú tó yí ojúde ká, mo yí tàímà sí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, mo sáré lọ jókòó. Ewúrẹ́ kan tó ti ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ògiri gbé ẹsẹ̀ iwájú lé e láti wo ohun tó ń pa iná pupa sẹ́jú sẹ́jú. Mo rí i. Mo pariwo. Kámẹ́rà ti délẹ̀.

Ọwọ́ mi gbọ̀n bí mo ṣe ń gbé e. Ilẹ̀kùn bátìrì ṣí, bátìrì ti fò lọ sábẹ́ igbá, ọmọkùnrin àná ló lọ yọ ọ́ wá. Etí kámẹ́rà ha, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tàn án, ẹnu rẹ̀ yọ jáde, ó ń ṣiṣẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ tripod kan ló dá. Ẹsẹ̀ tí bàbá fi òwú pupa dè dúró gbọn-in. Èkejì rẹ̀ ló kán sí méjì. Okùn ọwọ́ tó wà lára kámẹ́rà, ṣe ni ó yẹ kí n so ó mọ́ nǹkan. Rọ́bà túúbù wà lápò mi lásán. Ẹ so ó o, ẹ jọ̀ọ́, bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú kan lẹ fẹ́ fi sílẹ̀.

Ìyá Àgbà wo ẹsẹ̀ méjì tó kù. "Ààrò ti ku méjì," ó ní. Ó wọlé lọ, ó gbé àpò kékeré kan jáde tí ẹ̀wà kún ìdajì rẹ̀, ó gbé e lé ìdí odó. "Ohun tí a fi ń gbé ẹrù sórí ni òṣùká. Ṣe é bí òṣùká." Mo tẹ kámẹ́rà sínú ẹ̀wà náà, ẹ̀wà yí i ká, ó dì í mú. Kò mì, kò tòògbé. Fọ́tò tèmi àti tirẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èmi ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú rẹ̀, òun ń wo ibi tí ewúrẹ́ gbà lọ.

Ẹni tí kò bá ní owó tripod, ẹ̀wà ń bẹ nílé. Tàbí ìrẹsì. Ẹ má jẹ́ kó kún jù, ìdajì àpò ló dára, kí kámẹ́rà lè rì sínú rẹ̀.

Ọjọ́ Karùn-ún. Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù kọkànlá: Ọ̀fà

Mo gba Ọ̀fà padà torí ànàmọ́. Òkìtì kan tó tó mi jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ náírà 1,500, ìyá tó tà á sì fi mẹ́ta lé e. Òjò kékeré rọ̀, ìmọ́lẹ̀ kò dára, n kò yà ju fọ́tò mẹ́rin lọ. Mo sùn ní Tánkẹ.

Ọjọ́ Kẹfà. Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù kọkànlá: Ìlọrin

Mo lọ tẹ fọ́tò ní ìgboro kí n tó wọkọ̀ Ìbàdàn. Èyí tí òṣùpá yà, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tóbi, náírà 1,500. Ọmọkùnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ bi mí iye tí mo ra iná tí mo fi tàn án. Mo ní òṣùpá ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń tàn án. Mo tún tẹ èyí tí ewúrẹ́ kò sí nínú rẹ̀, èyí tí bàbá ahunṣọ ní ó ń ṣiṣẹ́, àti obìnrin Èsìẹ́. Ti bàbá, ọ̀rẹ́ mi ló máa gbé e lọ fún un.

Mo fi ti Ìyá Àgbà sínú ẹnfílóòpù, mo fi páálí sí ẹ̀yìn rẹ̀ kó má ká, mo gbé e lọ bá dírẹ́bà tó ń lọ sí Òró. Ó gba náírà 500, ó kọ nọ́ńbà aládùúgbò Ìyá Àgbà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Mo ti kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí fóònù mi dún. Ìyá Àgbà ni, ariwo ọmọdé pọ̀ lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Mo ti rí i o. Ẹ ṣeun. Ojú mi ló mọ́ tó báyìí?"

"Òun ni mà."

"Ta wá ni ẹni funfun tó dúró tì mí yìí, tí mò ń rí ògiri nínú rẹ̀?"

Mo ní ọmọ-ọmọ wọn ni mà, ó sá lọ nígbà tí mo ka mẹ́jọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo gbọ́ tó ń pe ọmọ náà lórúkọ, tó ń ní kó fi eré sílẹ̀, kó wá wo ara rẹ̀.